Alùpùpù Tó Ti Pẹ́ Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá: “Máṣíìnì mi máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gùn ún lọ díẹ̀, á kàn kú. Bí mo bá jẹ́ kó sinmi, á tún jí. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti fọ kabúrétọ̀, kò yí padà. Kí ló ń ṣe é?”

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ti dáhùn ìdajì rẹ̀ láìmọ̀. “Bó bá sinmi, á tún jí.” Kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ihò tín-ínrín tí epo ń gbà kọjá) tí ìdọ̀tí ti gan mọ́ nínú kì í là fúnra rẹ̀ torí pé ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nǹkan mìíràn ló ń kú tó ń jí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹ má tíì mú sípánà. Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe kú, kí ẹ sì wo ohun tó wà lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ tó kú, nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá ti tutù, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ẹ lè tú u palẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Alùpùpù tó ń lo kabúrétọ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń bu epo fún, apá tó sọ̀rọ̀ nípa wáyà àti bátìrì ló máa wúlò fún yín jù.

## Nígbà tó bá kú lábẹ́ yín

1. Ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ti kú tí jíà ṣì wà nínú rẹ̀ á máa di táyà ẹ̀yìn mú, pàápàá ní jíà kìíní àti ìkejì.
2. Ẹ jẹ́ kó máa yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹ má já bíréèkì iwájú lójijì.
3. Kí ẹ tó pa kọ́kọ́rọ́, ẹ wo iná tó wà lójú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ họ́ọ̀nù. Bí gbogbo wọn bá kú pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ gbàgbé kabúrétọ̀ ná. Fíúsì, bátìrì tàbí ojú kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ lọ wò. (Àwọn máṣíìnì kan wà tí iná iwájú wọn kì í tàn àfi bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Ní tàwọn yẹn, iná iwájú tó kú kò sọ nǹkan kan fún yín.)
4. Ẹ wo súìṣì ìpaná tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka tàbí ìbọ̀wọ́ lè ti kàn án. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹlẹ̀.
5. Ẹ kúrò lójú títì pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kíkì.

Ìkìlọ̀: Bí táyà ẹ̀yìn bá há lójijì, tàbí tí ẹ gbọ́ ìró irin tó ń ha irin kí ó tó kú, ẹ má jí i mọ́. Písítìnì ti lè máa lẹ̀ mọ́ sílíńdà. Ẹ wo ọ́ìlì bóyá ó ti gbẹ. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ẹ wo bóyá ọ́ìlì ń dé ibi tó yẹ kó dé. Kódà bó bá tún fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó tutù, ẹ gbé e wálé ni.

## Bó ṣe kú ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ rántí dáadáa, kí ẹ sì wo èyí tó jọ tiyín.

Ó kú bí ìgbà tí ẹnì kan pa kọ́kọ́rọ́. Kò kọsẹ̀, kò fà, ó kàn dákẹ́. Nígbà mìíràn á tún gbà lójú ẹsẹ̀, á sì yìnbọn nínú sáléńsà. Iná púlọ́ọ̀gì ló ń já: wáyà, kọ́ìlì (èyí tó ń mú iná lágbára fún púlọ́ọ̀gì), CDI (àpótí kékeré tó ń pinnu ìgbà tí púlọ́ọ̀gì á ta iná), súìṣì.

Agbára rẹ̀ dínkù díẹ̀díẹ̀. Ẹ ń fún un níná (ẹ ń yí ọwọ́ iná tó ń mú kó sáré), kò lọ. Ó ń fà tì, ó ń kọsẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Bí ẹ bá fa ṣóòkù (ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀) díẹ̀, á tún gbìyànjú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Epo ni kò tó o.

Ó ń kú kìkì nígbà tí ẹ bá dẹwọ́ iná sílẹ̀, bóyá ní oríta tàbí níwájú géètì. Ẹ wo sìló rẹ̀ (bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láìfún un níná), jẹ́ẹ̀tì kékeré inú kabúrétọ̀, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò, àti fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré orí ẹ́ńjìnì tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde) tí wọ́n ti fún jù.

Ó ń kú bó bá gbóná, á jí bó bá tutù. Mẹ́ta ni mo máa ń fura sí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn yìí: ìdérí táǹkì, kọ́ìlì tàbí CDI, fáàfù.

Ó ń kú bí ẹ bá yí ọwọ́ rẹ̀ tàbí bọ́ sí kòtò. Wáyà ni. Ẹ má wá a lọ síbòmíràn.

Ó ń kú bí òjò bá rọ̀ tàbí lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́. Omi ti wọ orí wáyà púlọ́ọ̀gì tàbí ojú súìṣì.

Èéfín dúdú ń jáde, epo ń rùn, ó sì kú. Epo ti pọ̀ jù: ṣóòkù tí ẹ gbàgbé láti dá padà, fíltà afẹ́fẹ́ tó dí, tàbí abẹ́rẹ́ fílóòtù (èyí tó ń dá epo dúró bí kabúrétọ̀ bá kún) tí kò pa ẹnu dé mọ́.

## Àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó tó tutù

Èyí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Sípánà púlọ́ọ̀gì kan, súkúrúdíráfà kan, àkísà gbígbẹ kan àti ìgò tàbí ife kan ti tó. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò, torí pé ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí à ń wo iná, ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí à ń da epo. A kì í ṣe méjèèjì pọ̀.

1. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì, kí ẹ dẹtí. Bí ẹ bá gbọ́ “fìììì”, bí ìgbà tí nǹkan ń fa afẹ́fẹ́ mu, ẹ dé e padà, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan kí epo lè sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tẹ kíkì. Bó bá jí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i. Bí ẹ ṣe ṣí i yẹn, ẹ wo epo pẹ̀lú, kí ẹ sì rí i pé táàpù (èyí tó ń ṣí epo tó sì ń tì í lábẹ́ táǹkì) wà níbi tó yẹ. Bó bá wà lójú ìlò lásán tí epo sì ti lọ sílẹ̀, ẹ yí i sí rìsááfù (epo ìpamọ́).

2. Ẹ wo iná púlọ́ọ̀gì. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ di orí wáyà náà mú (ẹ má fa wáyà fúnra rẹ̀), kí ẹ fà á kúrò. Ẹ nu yanrìn ìdí púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú u, kó má bàa já sínú sílíńdà. Ẹ fi àkísà lo púlọ́ọ̀gì, torí pé ó gbóná. Ẹ ti púlọ́ọ̀gì bọ orí wáyà padà, kí ẹ fi ara irin rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnì tí kò ní ọ̀dà, jìnnà sí ihò tí ẹ ti tú u. Ẹ fi àkísà gbígbẹ bo ihò náà. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tẹ kíkì pẹ̀lú agbára. Ẹ fi ara ṣíji bò ó kí ẹ lè ríran. Iná tó mọ́, tó ní àwọ̀ búlúù, tó sì ń ta pàrà, dára. Èyí tó pupa tó tín-ínrín kò lágbára tó. Bí kò bá sí rárá, ẹ ti mú olè.

3. Ẹ wo ojú púlọ́ọ̀gì náà. Bó bá gbẹ tó sì funfun, epo kò tó. Bí epo bá mú un rin, epo ń dé ṣùgbọ́n kò jó. Bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá dúdú tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ń gòkè. Àwọ̀ ilẹ̀ fífẹ́rẹ́ ni a ń fẹ́.

4. Ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ tó fọwọ́ kan epo. Ẹ fi ìka yí i wọlé títí yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi sípánà dè é. Orí ẹ́ńjìnì kò le tó púlọ́ọ̀gì. Bó bá wọ́ wọlé, ojú ìyí inú ihò rẹ̀ á jẹ.

5. Ẹ tú súkúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ abọ́ kabúrétọ̀ díẹ̀. Ẹ fi ìgò tàbí ife gba ohun tó bá jáde, kí ó má kán sórí irin gbígbóná. Bí epo bá ń dà tó sì ń bá a lọ, ọ̀nà epo mọ́. Bó bá kán díẹ̀ tó dáwọ́ dúró, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìkìlọ̀: Ẹ má fi ọwọ́ lásán di púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ bá ń tẹ kíkì. Ẹ má sì jẹ́ kó so rọ̀ lófurufú láìkan irin, torí pé iná tí kò rí ibi gbà lè ba CDI jẹ́. Sìgá àti iná àbẹ́là kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ibẹ̀.

Ohun tí èsì náà ń sọ:

- Abọ́ kún, iná kò sí: ẹ lọ sí apá iná.
- Iná wà, abọ́ gbẹ: ẹ lọ sí apá epo.
- Iná wà, epo wà, síbẹ̀ kò jí: ẹ lọ sí apá afẹ́fẹ́ àti fáàfù.

## Bó bá jẹ́ epo

Ìdérí táǹkì. Ihò kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń jáde. Bí eruku tàbí ìpata bá dí i, epo á há sínú táǹkì bí omi ṣe ń há sínú ìgò tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀. Máṣíìnì á lọ dáadáa fún ìwọ̀n ọ̀nà kan, á wá kú. Bí ẹ bá dúró, afẹ́fẹ́ á rọra yọ́ wọlé, ẹ tún gbéra. Ó jọ àìsàn kọ́ìlì débi pé àwọn ènìyàn ti ra kọ́ìlì tuntun nítorí ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ rẹ ìdérí náà sínú epo, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbà á kọjá. Kí ẹ sì wo aṣọ awọ tí àwọn kan fi ń wọ táǹkì láti ṣe é lẹ́wà: bó bá bo ìdérí mọ́lẹ̀, òun náà lè pa ihò yẹn dé.

Ẹ má ṣe máa gùn ún kiri pẹ̀lú ìdérí tí ẹ kò dé tán láti fi dán an wò. Epo á fọ́n sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná. Ìdánwò tó láàbò nìyí:

1. Ní gbangba, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tó tutù, ẹ yọ rọ́bà epo kúrò lára kabúrétọ̀, kí ẹ kì í bọ inú ìgò tó mọ́ gaara.
2. Ẹ dé táǹkì pinpin, kí ẹ ṣí táàpù.
3. Bó bá ń dà dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ tó wá ń dínkù, ẹ ṣí ìdérí. Bó bá tún gbà, ìdérí ni.
4. Bó bá jẹ́ pé kò dà dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, fíltà inú táàpù tàbí rọ́bà ni.
5. Ẹ jẹ́ kí epo inú ìgò náà sinmi. Bí omi bá wà, á rìn lọ sísàlẹ̀, á dúró bí ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ epo. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú pupa, táǹkì ti ń dípẹtà.

Àwọn táàpù kan kì í da epo àfi bí ẹ́ńjìnì bá ń fa afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí rọ́bà méjì lára táàpù tí wọ́n sì kọ PRI sí i (ojú tí epo ti ń dà láìdúró de ẹ́ńjìnì), PRI ni kí ẹ yí i sí fún ìdánwò yìí. Bí máṣíìnì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní PRI ṣùgbọ́n tó ń kú ní ojú ìlò, rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ yẹn ti ya tàbí táàpù ti rẹ̀ nínú. Ẹ rántí yí i padà lẹ́yìn ìdánwò.

Rọ́bà epo. Kò gbọ́dọ̀ ká, kò gbọ́dọ̀ gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kan ara ẹ́ńjìnì. Fíltà kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín rọ́bà dára, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó ní pọ́ǹpù epo. Bí epo bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan, irú fíltà bẹ́ẹ̀ lè máà jẹ́ kó kọjá tó.

Kabúrétọ̀. Bí epo bá ń dé abọ́ tí kò sì yé kú ní sìló, ẹ wá lè tú u. Ẹ ti táàpù, ẹ da abọ́, ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó tú ẹyọ kan. Kí ẹ tó yọ súkúrù tó ń darí epo àti afẹ́fẹ́, ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìdí, kí ẹ ka iye ìyí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ máṣíìnì, ó máa ń wà láàárín ìyí 1.5 sí 2.5, ṣùgbọ́n ìwé máṣíìnì yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ má gún jẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tàbí wáyà irin. Ihò tó fi díẹ̀ fẹ̀ sí i kì í ṣe ihò tí wọ́n ṣe mọ́. Okùn wáyà kọ́pà ẹyọ kan àti afẹ́fẹ́ ló yẹ, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú yín. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀tì kékeré sókè sí ìmọ́lẹ̀: bí ẹ ò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó yí po rébété, kò tíì mọ́.

Ẹ wo ṣóńṣó abẹ́rẹ́ fílóòtù pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi èékánná rìn lórí rẹ̀ tí ẹ sì mọ̀ ọ́n bí òrùka kékeré kan tó ti gbẹ́ ara rẹ̀ sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

## Bó bá jẹ́ iná

Ibi yìí ni sùúrù ti ń tán lára ènìyàn, torí pé ohun tó bàjẹ́ máa ń ṣe bí ẹni pé ara rẹ̀ yá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ná yín ní nǹkan kan.

Orí wáyà púlọ́ọ̀gì. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí yìí yí mọ́ ẹnu wáyà bíi súkúrù ni. Ẹ yí i kúrò. Bí ẹnu wáyà bá ti di àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ gé bíi mílímítà 5 kúrò, kí ẹ yí orí padà sí ibi tuntun. Bí ara orí náà bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì. Àlàfo ẹnu rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.6 sí 0.7 lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré. Ẹ lo nọ́ńbà púlọ́ọ̀gì tí ìwé sọ. Èyí tó “jọ ọ́” tó sì wọlé lè máà bá bí ẹ́ńjìnì yín ṣe ń gbóná mu.

Wáyà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì wà ní sìló, jíà ní fíríì, máṣíìnì lórí ẹsẹ̀ ìdúró rẹ̀, ní gbangba. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ lọ sósì dé òpin, lọ sọ́tùn-ún dé òpin. Wáyà tó gba ọrùn máṣíìnì kọjá máa ń já nínú nígbà tí awọ rẹ̀ ṣì dára lóde.
2. Ẹ rọra mi kọ́kọ́rọ́ nínú ihò rẹ̀. Bó bá mísì, ojú kọ́kọ́rọ́ ti jẹ.
3. Ẹ fi ọwọ́ tẹ súìṣì ìpaná díẹ̀ láìpa á.
4. Ẹ fọwọ́ tọ́ àwọn ojú ìsopọ̀ wáyà lábẹ́ ìjókòó àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi wáyà púlọ́ọ̀gì. Ìyẹn lè gbá yín.
5. Bí máṣíìnì yín bá ní súìṣì lára ẹsẹ̀ ìdúró ẹ̀gbẹ́, ẹ wò ó. Ẹrẹ̀ àti ìgbọ̀njìgbọ̀n lè mú kó rò pé ẹsẹ̀ náà ti sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí yóò fi dán, ẹ tì í padà kó wọlé pinpin. Kí ẹ sì wá wáyà tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara irin máṣíìnì. Bó bá ti dípẹtà tàbí tú, òun nìkan lè fa gbogbo ohun tí à ń sọ yìí.

Bátìrì. Bátìrì fóòtì 12 tó kún máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn lórí mítà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú. Bí ẹ bá jí ẹ́ńjìnì tí ẹ sì yí ọwọ́ iná dáadáa, ó yẹ kó gòkè sí nǹkan bíi 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, bátìrì ò gba iná, ẹ ó sì máa gùn lórí ohun tó kù nínú rẹ̀ títí yóò fi tán. Bó bá gòkè kọjá 15, èyí tó ń darí iná ti bàjẹ́. Àwọn máṣíìnì tó pẹ́ gan-an ń lo fóòtì 6, nítorí náà ẹ wo ara bátìrì ná. Èyí tí CDI rẹ̀ ń gba iná tààrà láti mágínẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń ṣe iná bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí) lè ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì tó dára, ẹ má sì tìtorí ìyẹn dá bátìrì lẹ́bi.

Kọ́ìlì àti CDI tó ń kú nínú ooru. Wáyà tó tín-ínrín bí irun orí ló wé mọ́ ara wọn nínú kọ́ìlì. Bó bá ti gbó, ooru á mú kó ràn, ibi tó ti sán nínú á yà, iná á lọ. Bó bá tutù, ó tún fara kàn. Mágínẹ́ẹ̀tì àti kọ́ìlì kékeré tó ń sọ fún CDI ìgbà tó yẹ kó ta iná náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà láti mú wọn:

- Bó bá kú tí púlọ́ọ̀gì kò sì ta iná, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi àkísà tútù lé ara kọ́ìlì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó má kan ẹnu wáyà. Bó bá jí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ fura sí i.
- Nílé, ẹ fi mítà wọn ọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tó tutù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá kú nínú ooru. Bí mítà bá ka nọ́ńbà nígbà tó tutù tí kò sì ka nǹkan kan nígbà tó gbóná, ó tán.
- CDI kò ṣeé fi mítà wọ̀n dáadáa. Ẹ yá ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ní irú máṣíìnì yín gan-an, kí ẹ fi dán an wò. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ, torí pé yíyá kò ná yín ní nǹkan kan.

Bí máṣíìnì yín bá ń lo ojú kọ́ńtáàtì (ojú irin méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé) dípò CDI, àlàfo rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 0.3 sí 0.4. Bí ẹ bá rí i tó ń ta iná ńlá láàárín kọ́ńtáàtì, tí ojú rẹ̀ sì ti jó, kọ̀ńdẹ́ńsà (ẹ̀yà kékeré tó yẹ kó gba iná náà mọ́ra) ló ti bàjẹ́.

## Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ tàbí fáàfù

Fíltà afẹ́fẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó, ẹ fọ èyí tó ṣeé fọ̀, ẹ pààrọ̀ èyí tí kò ṣeé fọ̀. Ẹ má gùn ún láìsí fíltà.

Rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì máa ń sán lábẹ́, níbi tí ojú kò dé. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní sìló, ẹ fọ́n omi díẹ̀ yí i ká. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Àwọn kan ń fi epo fọ́n ọn. Ẹ má dán an wò.

Fáàfù ni èyí tí kò sí ẹni tó ń rántí. Bó bá ti pẹ́, àlàfo rẹ̀ lè dínkù títí kò fi ní pa ẹnu dé dáadáa nígbà tó bá gbóná. Á máa kú ní oríta, á sì ṣòro láti jí nígbà tó ṣì gbóná. Inú àwọn kan á dùn pé tápẹ́ẹ̀tì àwọn (èyí tó ń ti fáàfù ṣí) kò dún rárá. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún díẹ̀ sàn jùyẹn lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, tí písítìnì wà lókè tí fáàfù méjèèjì sì ti pa dé. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré wà láàárín mílímítà 0.05 sí 0.10, ẹ lo iye tí ìwé tiyín sọ.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí nìkan ni kí ẹ tó fọwọ́ kan súkúrù sìló. Kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí ẹ yí i títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́ láìgbọ̀n, ní nǹkan bíi ìyí 1,200 sí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá tan iná iwájú, kò gbọ́dọ̀ kú.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Pípààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dára, ẹ ò mọ èyí tó wò ó sàn. Bó bá padà dé, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.
- Gbígbé sìló sókè láti fi bo àìsàn mọ́lẹ̀. Kò ní kú ní oríta mọ́ lóòótọ́, á dúró kó tó kú níbi tí ìyára ti pọ̀.
- Títẹ kíkì léraléra nígbà tí epo ti bo púlọ́ọ̀gì. Ẹ dá ṣóòkù padà, ẹ yí ọwọ́ iná dé òpin, kí ẹ tẹ kíkì bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gbá epo náà jáde.
- Epo tó ti pẹ́ nínú táǹkì fún oṣù mélòó kan. Ẹ dà á kúrò kí ẹ tó dá kabúrétọ̀ lẹ́bi.
- Rírà kabúrétọ̀ tuntun tí kò jẹ́ ti máṣíìnì yín. Jẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè máà bá a mu, àìsàn tuntun nìyẹn.
- Ṣíṣe gbogbo ìdánwò yìí nínú yàrá tí a tì. Èéfín sáléńsà ń pa ènìyàn, kì í sì í jẹ́ kó mọ̀ pé òun ń kú lọ.

## Lẹ́yìn àtúnṣe

Bó bá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀kùn ilé, kò tíì tó. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dé ibi tó máa ń kú.

1. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní sìló títí yóò fi gbóná, kí ẹ wo gbogbo ojú rọ́bà bóyá epo ń jò.
2. Ẹ gùn ún lọ sí ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀, níbi tí ẹ ti lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkigbà, kí ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.
3. Ẹ kọjá ìwọ̀n ọ̀nà tó máa ń kú, ẹ gùn ún tó ìlọ́po méjì rẹ̀.
4. Ẹ pa á nígbà tó gbóná, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún jí i.
5. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ máa gbé sípánà púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì kan tó dára àti fíúsì kan sábẹ́ ìjókòó.

Bó bá tún kú, tí iná wà, tí epo wà, tí àlàfo fáàfù sì péye, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà. Kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí lẹ́bàá ọ̀nà sínú ìwé fún un: bó ṣe kú, bó ti gbóná tó, ohun tí púlọ́ọ̀gì jọ, ohun tó jáde nínú abọ́. Ẹni tí ẹ bá kàn sọ fún pé “ó ń kú” á kọ́kọ́ tú kabúrétọ̀ ni.